Ọwọ́ Ẹ̀rọ Omi Tútù

Kò sí àgbàlagbà kan ní Kamiyuda tí kò mọ àárọ̀ ọjọ́ tí olóògbé Tokuji Kuronuma, ní ìhòòhò, fi ìbínú yọ ọwọ́ ẹ̀rọ omi tútù ilé ìwẹ̀ gbogbogbòò wa, tí ó sì so ó kọ́ ọrùn bí ẹ̀gbà.

Shimodaira, ẹni tí ó ni ilé àlejò tí ó tóbi jù lọ, ni ó fà á. Ó kó àlejò wá láti ìlú ńlá, ó sì ṣí omi tútù sínú omi ìsun gbígbóná wa láì bi ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ láti ayé baba wa, a kì í ṣí i àfi bí gbogbo ẹni tí ó wà nínú omi bá gbà.

"Bàbá, omi yìí á bó àwọn àlejò mi."

"Kí wọ́n lọ wẹ̀ nínú ife tíì. Ṣé ọbẹ̀ tó ki lo pe èyí, tí o fi ń bu omi là á?"

Shimodaira búra pé òun yóò mú kí ìgbìmọ̀ ìlú ra ẹ̀rọ tí yóò máa mú omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí ayé. Tokuji ní bí ó bá lè jókòó sínú omi títí òun yóò fi parí ìtàn bí baba ńlá òun ṣe gbẹ́ ibẹ̀, òun yóò dá ọwọ́ ẹ̀rọ padà. Wọn kò tíì bí baba ńlá náà nínú ìtàn tí Shimodaira fi fò jáde, ó pọ́n bí akàn inú ìkòkò.

Ìbínú ni oúnjẹ Tokuji. Ó bínú sí aṣọ ìnura tí ó kan omi. Ó bínú sí yìnyín tí ó gba ojú fèrèsé wọlé. Nígbà tí àlùfáà tẹ́ńpìlì fẹ́ wọ omi láì kọ́kọ́ ṣan ara, ó lé e jáde. Ó ní, "Àdúrà kì í fọ ẹsẹ̀."

Dókítà ka omi gbígbóná léèwọ̀ fún un nítorí àyà rẹ̀. Kò tìtorí ìyẹn jókòó sílé. Etí omi ni ó ń jókòó sí pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, tí ó ń bú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Shimodaira, tí ìtìjú ọjọ́ tí ó fìdí rẹmi ń mú wá wọ omi lójoojúmọ́, ni ó ń jẹ èébú tí ó pọ̀ jù: "Má mira, òmùgọ̀. Ẹni tó bá ń bá omi jà lomi ń bó."

Nígbà tí a sin ín, a ti gbà pé ẹ̀rọ Shimodaira dé nìyẹn. Ta ni ó kù tí yóò bínú? Ṣùgbọ́n Kinue, ìyàwó rẹ̀, mú ọwọ́ ẹ̀rọ omi tútù náà lọ bá Shimodaira.

"Ó ní kí n fún yín. Ó ní òmùgọ̀ ni yín, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀ ọ́n jókòó."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àlejò kan bẹ̀bẹ̀ fún omi tútù. Shimodaira wà nínú omi dé ọrùn, ọwọ́ ẹ̀rọ sì wà ní ọrùn náà.

"Má mira," ni ó wí.

Omi ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó ní ooru ni. Kò sí ẹni tí ó bá a jiyàn.