Èèkàn Tí Veikko Gé Sílẹ̀

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Veikko Huhtala fi gbá yìnyín níwájú ilé epo Ghislaine Bouffard ní Mink Narrows, lójú ọ̀nà tó gba etí adágún Superior kọjá. Ó kú ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Curtis, ló gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ìgbáyìnyín. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Kò kàwé jìnnà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan bíréèkì ló ti mọ ọkọ̀ yẹn.

Veikko kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá fẹ́ kọ́ ọmọ rẹ̀ ní nǹkan, ẹ̀ẹ̀kan ló ń sọ ọ́.

"Igun àríwá ni kó o máa kó gbogbo ẹ̀ sí. Tó o bá kó o síbòmíì, atẹ́gùn á dá a padà fún ẹ."

Curtis gbọ́. Kò gbàgbé.

Ohun kejì tí Veikko kì í fi ṣeré ni èèkàn. Lọ́dọọdún, ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́ Ìkórè lóṣù kẹwàá, kí ilẹ̀ tó dì, á kó èèkàn méjìlélógún jáde, gbogbo wọn gùn ju ènìyàn lọ, gbogbo wọn kùn ní àwọ̀ ọsàn. Á gbá wọn mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohunkóhun tí yìnyín lè bò: etí kọnkéré, ẹnu kànga, ẹ̀rọ omi àwọn panápaná. Bó bá gbá wọn tán, Ghislaine á gbé páì elégédé kan jáde, àwọn méjèèjì á pín in jẹ. Wọn kì í kọ ìwé àdéhùn. Páì yẹn ni ìwé. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ló ni iṣẹ́ ìgbà òtútù náà.

Lọ́dún yìí, nígbà tí Ọjọ́ Ìdúpẹ́ máa fi dé, Veikko ti lo ọjọ́ méjìlá nínú ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò yan páì. Ìdì èèkàn wà lẹ́yìn ọkọ̀, níbi tó gbé e sí, okùn rẹ̀ sì wà bó ṣe dì í. Ìka méjì ò sí lọ́wọ́ òsì Veikko, igi gé wọn nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, nítorí náà ó ní bó ṣe máa ń ta kókó tirẹ̀. Curtis fọwọ́ kan kókó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi í sílẹ̀. Ó ní òun á tú u lọ́la. Ọ̀la ń di ọ̀la títí ilẹ̀ fi dì bí òkúta.

Ghislaine fún un níṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò fi gbogbo ẹnu sọ ọ́.

"Jẹ́ ká wo ìjì àkọ́kọ́ ná," ló wí.

Ó nídìí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Lóṣù kẹjọ, wọ́n ti ri òpó ṣáájì mẹ́rin mọ́ ọgbà rẹ̀, irú èyí tó ń yára fún ọkọ̀ oníná níná. Tẹ́lẹ̀, bí ọlọ́kọ̀ oníná bá ń gba ọ̀nà yẹn, bátìrì ló máa ń wò ju títì lọ. Ní báyìí wọ́n ń dúró sí Mink Narrows, inú Ghislaine sì dùn sí i.

"Ẹni tó wá ra epo, á tọ̀, á lọ," ló máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. "Ẹni tó wá ṣáájì, á jókòó. Ẹni tó bá sì ti jókòó nídìí ọbẹ̀ mi, ó di tèmi."

Àwọn tó ri òpó náà ti ṣèlérí mẹ́rin sí i fún un nígbà tí yìnyín bá yọ́, bí mẹ́rin àkọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ jálẹ̀ ìgbà òtútù.

Igun àríwá ni wọ́n rì wọ́n sí. Ibẹ̀ ni wáyà iná ńlá gbà wọlé.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kejìlá, yìnyín bọ́ fún odindi ọjọ́ méjì pẹ̀lú atẹ́gùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta ó dáwọ́ dúró, òtútù sì mú débi pé itọ́ ń dì kó tó balẹ̀. Aago márùn-ún àbọ̀ ni Curtis dé. Atẹ́gùn ti kó yìnyín jọ kiri bí ìyàngbò, igun àríwá sì ti di òkìtì kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó sọ abẹ irin tó wà níwájú ọkọ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ, bọ̀. Lọ, bọ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí àyà rẹ̀ fúyẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀nà, kò nílò láti rò ó. Nígbà tí abẹ irin kan ohun líle kan lábẹ́ òkìtì, ó rò pé etí kọnkéré ni. Ó gbé abẹ náà sókè díẹ̀, ó da yìnyín síbẹ̀, ó lọ bu òmíràn wá.

Nígbà tó di aago méje, ọgbà náà mọ́ bí abọ́ tí ajá lá. Curtis wọ ilé oúnjẹ tó wà nínú ilé epo, ó gba kọfí.

Kò tíì mu ún dé ìdajì tí ọkọ̀ oníná aláwọ̀ eérú kan rọra yọ wọlé. Ó yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un yí. Ọkùnrin arúgbó aláwọ̀ dúdú kan sọ̀ kalẹ̀, ó wọ ẹ̀wù méjì léra wọn, ó wọ inú ilé oúnjẹ.

"Ẹ káàárọ̀ o. Desmond Pinnock lorúkọ mi. Fóònù mi ní òpó ṣáájì mẹ́rin wà níbí. Ṣé fóònù ń purọ́ ni, àbí ojú mi?"

Ghislaine rẹ́rìn-ín. "Wọ́n wà níta níbẹ̀ yẹn, bàbá. Ní igun..."

Ó wo ojú fèrèsé. Ẹ̀rín náà kú.

"Curtis. Òpó mi dà?"

Curtis náà wò. Òkè yìnyín kan ló wà ní igun àríwá, ó ga ju òrùlé lọ. Ó gbé kọfí sílẹ̀.

Elmer Nolet, awakọ̀ agégẹdú tó ti ń jẹ ẹyin níbẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan, yí àga rẹ̀ padà kó lè rí i dáadáa.

"Ó ti sin wọ́n," ló wí. "Ó sin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀. Ta ló máa wàásù?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Elmer fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Ó tẹjú mọ́ ẹyin rẹ̀.

"Ìdá mélòó ló kù nínú bátìrì yín?" Ghislaine bi àlejò.

"Mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Òpó tó kàn jìnnà tó kìlómítà mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Ọmọbìnrin mi máa bímọ ní Thunder Bay lọ́la, iṣẹ́ abẹ ni. Mo ṣèlérí pé mo máa wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlé."

Ghislaine yíjú sí Curtis. Kò pariwo.

"Ọmọ Veikko, gbọ́. Bí bàbá yìí ò bá tíì kúrò níbí nígbà tó bá máa fi di ọ̀sán, mo máa pe àwọn oní-katapílà. Àwọn ni wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ yìí lọ. Má bínú."

"Mo gbọ́, Màdáàmù," ni Curtis wí. Ó mú ṣọ́bìrì.

Wọn ò lè lo ọkọ̀ níbẹ̀, abẹ irin máa gé okùn iná òpó. Ọwọ́ ni. Yìnyín tí ọkọ̀ bá sì ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í ṣe yìnyín mọ́, búlọ́ọ̀kù ni. Curtis ń gé e, ó ń sọ ọ́ sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó gbọ́ ṣọ́bìrì kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlejò ni.

"Bàbá, ẹ wọlé jàre. Òtútù yìí á pa yín."

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tún bọ́ọ̀sì ṣe ní Hamilton, nínú gáréèjì tí kò nílẹ̀kùn. Òtútù tó máa pa mí ti gbàgbé mi." Ó gbẹ́ díẹ̀. "Ta ló kú?"

Curtis dúró.

"Nígbà tí ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ ìwàásù, mo rí ojú ẹ."

"Bàbá mi. Òun ló ń gbá ibí. Ó ní igun àríwá ni kí n máa kó o sí. Òpó ò sí níbẹ̀ nígbà tó kọ́ mi."

"Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti wà níbẹ̀ báyìí?"

"Mo mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí wọn."

Pinnock mi orí. "Bí a ti ń sunkún, a máa ń ríran, ọmọ mi."

Ṣọ́bìrì kẹta dé. Elmer ni. Kò wo ojú Curtis.

"Ẹnu mi ni mo fi jẹ gbèsè," ló wí. "Ẹ sún fún mi."

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ kí orí òpó àkọ́kọ́ tó yọ. Ojú rẹ̀ ṣì ń tàn lábẹ́ yìnyín, bí ẹni pé ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu okùn tí wọ́n ń kì bọ ọkọ̀ ti kún fún yìnyín dídì. Elmer ní kí wọ́n da omi gbígbóná sí i. Curtis kọ̀. Omi á dì padà, á burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, ó ki ẹnu okùn bọ abẹ́ apá, ó pa apá dé. Bẹ́ẹ̀ ni Veikko ṣe máa ń ṣe àgádágodo tó bá dì. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.

Okùn wọlé. Ọkọ̀ Pinnock kígbe kékeré kan, iná rẹ̀ yí padà sí àwọ̀ ewé.

"Ó ti ń mu," ni Pinnock wí.

Wọ́n yọ àwọn mẹ́ta tó kù. Curtis lọ sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ó mọ ohun tó yẹ kó ti ṣe láti oṣù kẹwàá. Ó wo kókó bàbá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì tú u. Kò nira tó bó ṣe rò. Bó ṣe fa ìparí okùn ni gbogbo rẹ̀ já sílẹ̀.

Ó ń ka èèkàn. Ó dé méjìlélógún, ìdì ò tíì tán. Mẹ́jọ ló kù ní ìsàlẹ̀, igi tuntun, tí kò kùn ní àwọ̀ ọsàn. Búlúù ni, irú búlúù tó wà lára òpó ṣáájì gan-an. Ó wo ìdí wọn. Veikko ti fi lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé kọ̀wé sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: òpó kìn-ín-ní, òsì. Òpó kìn-ín-ní, ọ̀tún. Títí dé òpó kẹrin. Oṣù kẹsàn-án ló gé wọn. Nígbà yẹn, àìlera ò jẹ́ kó lè gun àkàbà mọ́.

Curtis jókòó sétí ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tó dìde, ó mú òòlù. Ilẹ̀ kọ̀. Èèkàn àkọ́kọ́ ṣẹ́ sí méjì. Ó ní ẹ̀rọ ìluhò ní ilé, ṣùgbọ́n iná ni í lò, ilé epo sì jìnnà sí igun yẹn.

"Lọ gbé e wá," ni Pinnock wí. "Ọkọ̀ mi ní ihò iná lẹ́yìn. Ó ti mu tó, ó lè fún ẹlòmíì mu díẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Ọkọ̀ ń gba iná. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ okùn, ó ń fún ẹ̀rọ ní iná. Curtis lu ihò mẹ́jọ, Elmer ń gbá èèkàn wọlé. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Pinnock wọ ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú bátìrì tó ti kún dé mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

"Bí ọmọ náà bá jẹ́ ọkùnrin," ló wí, "mi ò ní sọ ọ́ ní Curtis. Ó lè máa sin nǹkan kiri."

Ìgbà yẹn ni Curtis rẹ́rìn-ín.

Ghislaine jáde wá pẹ̀lú ẹ̀wù lórí aṣọ ìdáná. Ó rìn láti òpó dé òpó, ó fọwọ́ kan èèkàn búlúù kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ̀ ba, ó ka ohun tó wà ní ìdí ọ̀kan. Ó mọ ẹni tó ni ìkọ̀wé náà.

"Níbo lo máa kó yìnyín sí báyìí?"

"Gúúsù, lẹ́yìn ilé tí ẹ ń kó gáàsì sí tẹ́lẹ̀. Atẹ́gùn á dá díẹ̀ padà. Mo máa tún un gbá."

"Iṣẹ́ ẹ á pẹ́."

"Á pẹ́, Màdáàmù."

Ghislaine wọlé. Nígbà tí Curtis fi iná ilé epo lu ihò àwọn tó kù, tó sì gbá gbogbo rẹ̀ tán, èèkàn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àti àbọ̀ èyí tó ṣẹ́, ọ̀sán ti pọ́n. Páì elégédé kan wà lórí tábìlì tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ó ṣì ń yọ èéfín. Ghislaine ti gé e sí méjì, ó sì ti jókòó.

Curtis bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó jẹ tirẹ̀ tán.