Mọ́tò Mi Tó Ń Kí Gbogbo Ará Houston

Mo rántí ìgbà tí mo ní mọ́tò kan ní Houston tó jẹ́ pé bí mo bá ti yí sitiárìn sí òsì, họ́ọ̀nù á bẹ̀rẹ̀ sí í ké fúnra rẹ̀, kò sì ní dákẹ́ títí tí n ó fi yà tán. Bí mo bá yà sí ọ̀tún, kẹ́kẹ́ pa. Bí mo bá lọ tààrà, kẹ́kẹ́ pa. Òsì nìkan ni, páàà! Nílé, họ́ọ̀nù ni awakọ̀ fi ń kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ní Houston, èébú ni. Mọ́tò náà ti dàgbà, ó gùn ju yàrá mi lọ, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í ṣí, fèrèsé kan kì í pa dé. Gbogbo ìyẹn ni mo fara mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà, bí a ò bá sì rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Mẹkáníìkì kan ní Westchase, níbi tí mò ń gbé, sọ iye tó máa gbà. Mo wo mọ́tò, mo wo òun náà, mo dúpẹ́, mo sì wa ọkọ̀ mi lọ. Òsì ni mo yà jáde, họ́ọ̀nù sì bá mi dágbére fún un. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé, tó ń kọ́ nípa epo rọ̀bì tó sì gbà pé òun mọ ohun gbogbo tó ń mu epo, ní, "Guy, kí lo ń da ara ẹ láàmú sí? Yọ fuse ẹ̀ jàre!" Mo yọ ọ́. Họ́ọ̀nù dákẹ́ lóòótọ́, àmọ́ iná bíréèkì bá a kú, torí fíùsì kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. Ọlọ́pàá tó dá mi dúró ló là mí lóye. Mo dá fíùsì padà, mo sì pinnu pé n kò ní yà sí òsì mọ́ láyé mi. Ẹni tó bá yà sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹta, ṣebí òsì náà ló já sí. Àwọn àgbà ṣáà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń lọ sí kíláàsì àti ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń pẹ́ dé ibi gbogbo, mo sì ń pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n.

Àfi bí bàbá ọmọbìnrin tí mò ń fẹ́ ṣe ránṣẹ́ láti ilé pé àwọn ń bọ̀ wá fi ojú ara wọn rí mi. Ọmọbìnrin náà kìlọ̀ fún mi. "Daddy ò ní bi ẹ́ léèrè ìwé o. Ìwà ni wọ́n máa wò. Èyí tó wá ṣáájú ẹ jókòó kí wọn, wọ́n ní kó máa lọ." Mo fẹ́ràn ọmọ náà gan-an, mo sì mọ̀ pé bí bàbá bá kọ̀ mí, ó parí nìyẹn.

A lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfurufú. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ẹrù àwọn òyìnbó. Bàbá jókòó síwájú pẹ̀lú agbádá, ọmọ wọn wà lẹ́yìn. Ọ̀nà márosẹ̀ fíríwéè kò dà mí láàmú, tààrà ni. Ìgbà tí a sọ̀ kalẹ̀ sí àdúgbò ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí ọ̀tún, sí ọ̀tún.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin, ṣé a ò tíì kọjá ilé epo yìí lẹ́ẹ̀kan?"

"Wọ́n jọra ni, sà."

"Ajá tó wà níwájú ẹ̀ ńkọ́, òun náà jọra?"

Bí a ṣe tún yà lẹ́ẹ̀kan sí i, a dé ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti gbẹ́ ọ̀nà ọ̀tún, tí wọ́n fi igi dí i. Òsì nìkan ló kù. Mo gbàdúrà, mo yí sitiárìn. Páàà! Ìyá àgbà òyìnbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà fò sókè, ó sì yíjú sí wa. Bàbá na ọwọ́ síta: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ìyá!" Ìyá náà kò mọ ohun tí ì bá ṣe, ló bá juwọ́ padà.

"Ṣé o mọ̀ wọ́n ni?"

"Rárá, sà."

"O sì kí wọn!" Bàbá ń mi orí, inú wọn dùn.

Ní ìyànà kejì, mo tún yà sí òsì, ọkùnrin onífìlà gbàràgàdà kan nínú píkọ́ọ̀pù sì gbọ́ họ́ọ̀nù wa. Ó yọ ọwọ́ síta, ó sì na ìka àárín sókè sí wa. Èébú tó burú jù nílùú náà nìyẹn.

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

Ohùn kan dáhùn láti ẹ̀yìn: "Wọ́n ń kí yín ni, Daddy. Bí wọ́n ṣe ń kí àgbà níbí nìyẹn."

Bàbá ká ọwọ́ agbádá, wọ́n yọ apá síta, wọ́n sì na ìka àárín tiwọn sókè réré, pẹ̀lú ẹ̀rín. Onífìlà wò wọ́n, ó wò wọ́n, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó sì ṣí fìlà. "Wọ́n mà lẹ́kọ̀ọ́ o," ni Bàbá wí. Láti ibẹ̀ délé, gbogbo òsì tí mo rí ni mo yà.

Nígbà tí a wọlé, Bàbá kò tíì jókòó tí wọ́n fi sọ̀rọ̀. "Ẹni tó ń kí ẹni tí kò mọ̀ rí, kò ní rí àna ẹ̀ fín. Mo ti fún ẹ." Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì pẹ́ nílẹ̀, torí n kò fẹ́ kí wọ́n rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn.

Ní Sátidé, èmi àti ọ̀rẹ́ mi tú sitiárìn, ohun tó yẹ ká ti ṣe lọ́jọ́ kìíní. Wáyà kan ni ara rẹ̀ ti bó, tó ń kan irin bí a bá ti yí i sí òsì. A gé sílípáàsì mi tó ti já, a fi là wọ́n láàárín, a wé téèpù mọ́ ọn. Gbogbo àìsàn náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Sunday, mò ń gbé Bàbá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo yà sí òsì, kẹ́kẹ́ pa. Mò ń yangàn. Bàbá kọ́kọ́ wo àwọn èèyàn ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n wá wo èmi náà.

"Ọmọ mi, torí pé mo ti fún ẹ níyàwó, o ò kí èèyàn mọ́?"

Láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi padà sílé, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń tẹ họ́ọ̀nù ní gbogbo òsì.

Ó ti pẹ́ báyìí. Mọ́tò tí mò ń wà lónìí máa ń kọ àìsàn ara rẹ̀ sójú gíláàsì, kì í sì í kí ẹnikẹ́ni. Inú rẹ̀ ni a wà lọ́jọ́ tí wọ́n pè wá láti ilé pé Bàbá ti papò dà. Ìyàwó mi sunkún títí. A dé oríta, mo rọra yà sí òsì. Ló bá na ọwọ́ kọjá níwájú mi, ó sì tẹ họ́ọ̀nù mọ́lẹ̀. Ọkùnrin kan nínú mọ́tò ẹ̀gbẹ́ wa na ìka yẹn sí wa, tìbínú-tìbínú. Ìyàwó mi na tirẹ̀ padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, omi lójú, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, sà."