Iye Tí Ìyá Wa Sọ fún Dókítà

Aláago ni gbogbo àdúgbò ń pe bọ̀ọ̀dá mi, nítorí pé aago ló ń tún ṣe. Ọdún méjìlélógún ló ti wà nídìí iṣẹ́ náà, nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tó fara kan tèmi. Èmi ń ránṣọ. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, bí ẹ̀rọ mi bá sì ti dákẹ́, mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń bá àwọn aago wí bí ẹni ń bá ọmọ olórí kunkun wí.

Jẹ́jẹ́ ló máa ń ṣe tirẹ̀. Jígí kékeré kan máa ń wà lójú ọ̀tún rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi ń gbé ìdè aago, síkúrù tí kò tó hóró yanrìn. Bí oníbàárà kan bá fín imú pé nǹkan ń rùn, á ní oògùn tí òun fi ń fọ inú aago ni. Wọ́n máa ń gbà á gbọ́. Èmi ò lè gbà á gbọ́, torí pé èmi ni mò ń gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Kò sí àárọ̀ kan tí mi ò ní bá ìgò ọtí líle méjì tó ti gbẹ lẹ́yìn garawa omi. Màá kó wọn sínú àpò, màá da àjákù aṣọ lé wọn lórí, màá sì gbé e lọ dànù kí ojú àwọn aládùúgbò tó là. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò bi í lẹ́ẹ̀kan. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ẹ̀gbọ́n mi ni, èmi kọ́ ni mo bí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó jókòó láti so ọwọ́ aago kan pọ̀, ọwọ́ tirẹ̀ ń gbọ̀n, kò jẹ́ kó ṣe é. Ó gbìyànjú títí, ó gbé ẹ̀mú sílẹ̀, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú jígí náà lójú. Ó ní kí n gbé òun lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Kò sọ ohun tí "rẹ̀" jẹ́. Mo pa ẹ̀rọ, mo mú àpò mi, a jáde. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí lójú ọ̀nà ni pé kí Màámi má gbọ́.

Màámi gbọ́. A ò tíì jókòó dáadáa níwájú dókítà tó fi wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, gèlè rẹ̀ sì ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹnì kan ní òpópónà ló sọ fún un. Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá wa, gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ ló sì fi ń dáhùn ìbéèrè kí wọ́n tó béèrè rẹ̀ tán.

Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ yéni. Ó ní ẹni tó ti ń mutí lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ ṣàdédé jáwọ́ nílé, torí pé ara lè yarí, ó sì lè gba ẹ̀mí. Wọ́n máa dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá. Wọ́n máa fún un ní oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀, wọ́n á sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń mu ni wọ́n máa fi mọ iye oògùn tí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀. Ó wá bi bọ̀ọ̀dá mi pé mélòó ló ń mu lójúmọ́.

"Ife kékeré kan ni, dókítà," ni Màámi wí. "Lẹ́yìn iṣẹ́. Bóyá méjì, tó bá rẹ̀ ẹ́ gan-an."

Bọ̀ọ̀dá mi ń wo ilẹ̀, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà yíjú sí mi. Mo wo ojú ìyá wa, mo rí bó ṣe ń fi ojú bẹ̀ mí pé kí n má dójú ti òun níwájú ọmọ kékeré yìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bó ṣe rí nìyẹn. Títí di òní, bí mo bá rántí, mo máa ń bínú sí ara mi.

Ọjọ́ kìíní, ó kàn ń làágùn ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìgbọ̀n rẹ̀ pọ̀ débi pé irin ibùsùn ń dún. Ó fi ìka méjì ń ṣa nǹkan lórí aṣọ ibùsùn, ó ń kó o sí àtẹ́lẹwọ́. Mo bi í pé kí ló ń ṣà. Ó ní ìdè aago ni, wọ́n ti dà sílẹ̀, kí n má tẹ̀ wọ́n. Aṣọ funfun nìkan ni mo rí níbẹ̀. Màámi ní àárẹ̀ lásán ni, kí a jẹ́ kó sùn.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ojú rẹ̀ yí sókè. Ara rẹ̀ le gbagidi, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jà pẹ̀lú ibùsùn. Àwọn nọ́ọ̀sì sáré dé, wọ́n dà á sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Gbogbo rẹ̀ lè máà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ṣùgbọ́n mo ti sin ín tán nínú ọkàn mi kó tó dáwọ́ dúró.

Nọ́ọ̀sì àgbà pe èmi àti Màámi sí ẹnu ilẹ̀kùn. Obìnrin gíga kan ni, tí kì í pariwo.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ló wí, "ara ẹni tó ń mu ife kan kò lè ṣe báyìí. Èmi kì í ṣe ọlọ́pàá. Tí iye tí ẹ sọ kò bá tọ̀nà, oògùn wa náà kò lè tọ̀nà. Ó lè tún ṣe é kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì lè má jí."

Màámi na ọrùn. Ó ní òun ti sọ ọ́, ife kan ni, ilé tí òun ti tọ́ ọmọ òun kì í ṣe ilé ọ̀mùtí. Ohùn tó fi sọ ọ́ ni ohùn tó máa ń fi pa kíláàsì lẹ́nu mọ́. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo bojú wẹ̀yìn, ojú bọ̀ọ̀dá mi là, ó ń wò wá.

"Ìgò méjì ni," mo wí. "Ọtí líle. Ìgbà míì mẹ́ta. Lójoojúmọ́ ni. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń kó ìgò rẹ̀ dànù."

Nọ́ọ̀sì àgbà kò dá mi lẹ́bi, kò tilẹ̀ dúró, ó ti ń sáré lọ bá dókítà. Màámi ló dúró. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"O ti tú wa síhòòhò," ló wí, ó sì lọ jókòó síta.

Wọ́n fi kún oògùn rẹ̀, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ fítámì, nọ́ọ̀sì kan ò sì kúrò nítòsí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó sùn bí ọmọ ọwọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó mọ orúkọ gbogbo wa, ó sì ń jẹun. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń nu ilẹ̀. Bí èmi bá wọlé báyìí, á kọjú sí ògiri. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Màámi náà ò bá mi sọ̀rọ̀. Mo ń gbé abọ́ oúnjẹ lọ, mo ń gbé e bọ̀, bí ẹni tí wọ́n háyà. Ó dùn mí wọra. Ó yá mi lára kó bú mi ju kó máa kẹ́yìn sí mi lọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, dókítà àti nọ́ọ̀sì àgbà pe àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí yàrá kékeré kan. Dókítà ní ọtí ti kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n àìsàn náà kò tíì lọ, ibi tí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. Ilé kan wà tó lè lọ gbé fún oṣù mẹ́ta pẹ̀lú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn jọra, tí wọ́n á jọ máa sọ̀rọ̀, tí wọ́n á jọ máa ṣiṣẹ́. Tàbí kó máa ti ilé wá: kó máa lo oògùn tó ń pa òùngbẹ ọtí láràárọ̀, kó máa rí olùgbaninímọ̀ràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì máa jókòó pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn tó ti jáwọ́. Bó bá kàn lọ sílé láìṣe ìkankan nínú wọn, dókítà ní òun ò ní purọ́, wọ́n á tún gbé e padà wá.

Ojú bọ̀ọ̀dá mi fi hàn pé ilé ló ń wù ú. Ṣùgbọ́n dókítà fi nǹkan kan kún un. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tí á máa rí i kó gbé oògùn mì, tó lè pè nígbàkígbà tí ọtí bá ń pè é, tí kò sì ní fi ohunkóhun pa mọ́ fún wọn. Bí kò bá sí ẹni bẹ́ẹ̀, kó lọ gbé ilé olóṣù mẹ́ta.

Màámi fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun. Nọ́ọ̀sì àgbà ti ń kọ ọ́.

"Rárá, Màámi," ni bọ̀ọ̀dá mi wí. Kò gbé ohùn sókè. "Tí mo bá pè yín pé ó ń ṣe mí, ẹ máa ní ife kan kò lè ṣe nǹkan kan. Ẹ fẹ́ràn mi débi pé ẹ ò lè rí i pé mò ń ṣàìsàn."

Bọ̀ọ̀dá mi yíjú, ó wò mí tààrà.

"Ẹ kọ ti àbúrò mi," ló wí. "Ìtìjú fẹ́ pa mí lọ́jọ́ yẹn. Mi ò tíì bọ́ nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló sọ iye tó jẹ́."

Ẹ má rò pé inú mi dùn. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo sọ fún un níwájú gbogbo wọn pé ọdún mẹ́ta ni èmi náà fi bò ó mọ́lẹ̀, pé mi ò sàn ju ẹnikẹ́ni lọ.

"Mo mọ̀," ló wí. "O ti rí ibi tí bíbò mọ́lẹ̀ yẹn gbé mi dé."

Nọ́ọ̀sì àgbà fa ìlà sórí ohun tó ti kọ, ó béèrè nọ́ńbà fóònù mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹkún ni mo bú sí. Màámi ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà náà fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìyára, bó ṣe máa ń pe àpèkọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, kó lè dá a lójú pé wọ́n kọ ọ́ re. Nígbà tó ku ẹyọ kan, ohùn rẹ̀ já, mo sì bá a parí rẹ̀.