Ìbéèrè Keje

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni ìyá mi fi jókòó sídìí tẹlifóònù ilé ìwòsàn, nínú yàrá kékeré kan tí kò ní fèrèsé. Wọ́n á fa wáyà yọ níbí, wọ́n á kì í bọ ihò ibòmíràn, kí dókítà lè bá ilé oògùn sọ̀rọ̀, kí ilé ìdáná lè gbọ́ ti wọ́ọ̀dù. Gbogbo nọ́ńbà ilé ìwòsàn náà ló wà nínú orí wọn. Ẹni tó bá ní kí wọ́n wo ìwé, ó ti bú wọn nìyẹn. Ó ti lé lógún ọdún tí ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n Màmá Tẹlifóònù ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè wọ́n, àwọn náà sì ń jẹ́ ẹ.

Nígbà tí wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀, tí egungun ìbàdí wọn kán, dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní fẹsẹ̀ ara wọn rìn mọ́. Ọ̀bẹ kọ́ ló ba ìyá mi lẹ́rù. Oògùn akunilóorun ni. Ọdún mẹ́ta ṣáájú, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin gba irú oògùn bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n sì jí, wọ́n ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin làwọn wà, pé ọkùnrin kan ti gbé àpótí àwọn lọ. Gbogbo ẹbí, tó fi mọ́ èmi, ń mi orí: bẹ́ẹ̀ ni mà, ó ń gbé e bọ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ojú wọn tó wálẹ̀. Àmọ́ títí di òní, bí a bá sọ fún wọn pé òjò ń rọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ lọ wo fèrèsé, torí wọn ò gbà wá gbọ́ mọ́. Ìyá mi rí gbogbo rẹ̀, wọ́n sì pinnu pé ẹnikẹ́ni ò ní mi orí fún àwọn bẹ́ẹ̀ láéláé.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, dókítà akunilóorun wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó tutù lẹ́nu. Ó ṣeé ṣe kó rò pé ìṣẹ́jú márùn-ún lòun máa lò. Ìyá mi dá a dúró fún wákàtí kan ó dín díẹ̀. Wọ́n bi í bóyá oorun ni àbí kì í ṣe oorun. Ó ní kì í ṣe oorun rárá, pé kẹ́rù má bàa ba èèyàn làwọn ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sùn, bí a bá pè é, á jí. Ti oògùn yìí, ìró lè wọ etí dé inú ọpọlọ, ṣùgbọ́n apá tó gbà á kò ní lè fi í ránṣẹ́ sí apá tó kù. Ọpọlọ ò dákẹ́ o. Ìgbì rẹ̀ ló máa falẹ̀, tó máa tóbi, bí ìgbà tí gbogbo èrò inú gbọ̀ngàn bá ń pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹnì kan ò lè bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ mọ́.

“Á jẹ́ pé iná ṣì wà nínú wáyà,” ìyá mi wí. “Ẹni tó ń so wọ́n pọ̀ ló dìde lórí ìjókòó.”

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní òun á máa fi ìyẹn ṣàlàyé fún àwọn ẹlòmíràn. Ó ní bí oògùn bá ti ń dínkù lára, àwọn apá náà á tún máa gbọ́ ara wọn, àmọ́ kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ti àgbàlagbà míì sì máa ń pẹ́. Òun á lẹ nǹkan mọ́ iwájú orí wọn, tí yóò máa ya ìgbì ọpọlọ wọn sójú ẹ̀rọ, kí oògùn má bàa pọ̀ jù. Ìyá mi ní kó lẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Bó ṣe lọ tán, wọ́n ní kí n ra ìwé àjákọ wá. Wọ́n kọ ìbéèrè mẹ́wàá sínú rẹ̀, wọ́n kọ ìdáhùn sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà ilé ìdáná, ti ilé ìfọṣọ, ti yàrá iṣẹ́ abẹ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ti jí, kí n máa bi wọ́n lójoojúmọ́. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, mo ní ṣé wọ́n fẹ́ padà sí iléèwé ni. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

“Bí mo bá gbà á, sọ pé mo gbà á. Bí mo bá kùnà, sọ ọ́ fún mi lójú. O ò gbọdọ̀ mi orí fún mi, ìwọ ọmọbìnrin yìí.”

“Mo ti gbọ́, Mọ́mì.”

“Èmi ni mo bí ọ, mo mọ̀ ọ́. Tún un sọ.”

Mo tún un sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n gbé wọn padà dé. Mo fi jígí wọn sí wọn lójú, mo ki ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ràn bọ̀ wọ́n létí, nítorí nọ́ọ̀sì ní ẹni tí ò ríran, tí ò gbọ́ràn, kò sí ohun tí ọpọlọ rẹ̀ máa rí dì mú. Ìyá mi wò mí, wọ́n pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ wọn ń rìn lórí aṣọ ìbora, wọ́n ń fa nǹkan yọ, wọ́n ń kì í bọ ibi tí kò sí ihò. Mo béèrè nọ́ńbà ilé ìdáná. Wọ́n ní kí n ní sùúrù, ẹnì kan ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí ìlà yẹn.

Mo jáde lọ sunkún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nọ́ọ̀sì bá mi níbẹ̀, ó ní ó máa ń ṣẹlẹ̀, kí n ṣí kọ́tìnì kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, kí n máa sọ ibi tí a wà àti ọjọ́ tí a wà fún wọn. Mo nujú, mo padà wọlé. Bí wọ́n bá ti ní ibi iṣẹ́ làwọn wà, màá ní wọ́ọ̀dù ni, Mọ́mì, wọ́n ti tún ìbàdí yín ṣe. Mo sọ ọ́ títí ohùn mi fi há.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gba mẹ́ta. Mo sọ fún wọn pé mẹ́ta péré ni, wọ́n sì wò mí bí ẹni tó jí nǹkan wọn. Lọ́jọ́ kẹta, mẹ́fà. Àbúrò mi ọkùnrin pè mí nírọ̀lẹ́, ó ní bí wọ́n bá tún kùnà, kí n sáà sọ pé wọ́n gbà á tán. Kí ló kàn wá pẹ̀lú nọ́ńbà ilé ìdáná tí wọ́n ti wó?

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n mọ̀ mí, wọ́n mọ ọjọ́, wọ́n sì ti ń bú tíì ilé ìwòsàn. Wọ́n dáhùn ìbéèrè wọ̀nyẹn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àfi ìkeje, ìyẹn nọ́ńbà wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Wọ́n ní márùn-ún, mẹ́ta. Mẹ́rin, mẹ́jọ ló wà nínú ìwé.

Mo wo ojú wọn tó ti rù. Ìbéèrè kan ṣoṣo. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lówó là ń ra èké. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ di oníbàárà èké láàárọ̀ ọjọ́ náà.

“Ẹ gba mẹ́sàn-án,” mo ní. “Ẹ kùnà ìkeje.”

“Ó dá ọ lójú?”

“Ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ nìyí, Mọ́mì. Mẹ́rin, mẹ́jọ.”

Omi bọ́ lójú wọn. Mo rò pé mo ti dá ọgbẹ́ sí wọn lọ́kàn, mo ti ń wá ẹ̀bẹ̀ tí màá bẹ̀, kí wọ́n tó di ọwọ́ mi mú.

“Irọ́ ni mo kọ síbẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ ni. Bí mo bá rántí pé irọ́ ni, á jẹ́ pé orí mi ti pé padà. Bí o bá sì ní mo gba mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, màá mọ̀ pé ẹ ti ń mi orí fún mi.”

Inú bí mi, inú mi sì dùn, mi ò mọ èyí tó ṣáájú. Mo ní irú ìyá wo tiẹ̀ lèyí. Wọ́n béèrè ohun tí àbúrò mi sọ, mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí, ó kúkú ti di ọjọ́ òtítọ́. Wọ́n ní kí n gbé fóònù wá. Mo fẹ́ bá wọn wá nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n gbá ọwọ́ mi kúrò, wọ́n sì tẹ gbogbo rẹ̀ láti orí, láìdúró. Ó gbé e.

“Ìyá rẹ ni,” wọ́n wí. “Mo ti padà sórí ìjókòó mi.”