Bíìmù Igi Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Rẹ́

Láti Ìdí-Òrò dé Ojúẹlẹ́gba, kò sí ẹni tó mọ ògiri jù mí lọ. Mi ò fọ́nnu. Àwọn tó ka ìwé yunifásítì gan-an ló ń wá mi wá sílé láti bi mí bóyá ilé tí wọ́n fẹ́ rà máa dúró. Ìwé méjì péré ni mo kà kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ bíríkìlà, ṣùgbọ́n tí mo bá fi ìka kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ti mọ̀ bóyá iyanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀ ju símẹ́ǹtì lọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tó ń pè mí kì í fẹ́ gbọ́ ohun tí mo bá rí. Wọ́n á ti fẹ́ràn ilé náà tán kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí mi. Àmín ni wọ́n fẹ́ kí n wá ṣe.

Nígbà tí mò ń wí yìí, símẹ́ǹtì ti wọ́n, ẹni tó ń kọ́lé tuntun kò pọ̀ mọ́. Iṣẹ́ tó wá gbòde ni kí èèyàn ra ilé àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ olóògbé tó ń jà sí i, kó kùn ún ní ọ̀dà, kó pààrọ̀ ìlẹ̀kùn iwájú, kó sì tà á kí òjò tó dé. Kí òjò tó dé ni mo wí. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ìwé ìròyìn dí ògiri tó là, tí wọ́n wá rẹ́ símẹ́ǹtì lé e. Mo ti rí wáyà iná tí wọ́n so pọ̀ lókè àjà, tó jẹ́ pé ọ̀rá búrẹ́dì ni wọ́n fi wé e. Ní ilé kan ní Sùúrùlérè, wọ́n gbẹ́ kànga tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ihò ṣáláńgá, ẹni tó ń ta ilé wá ń bu omi rẹ̀ fún wa.

"Ẹ tọ́ ọ wò, ó tutù."

Mo ní kó kọ́kọ́ mu tiẹ̀. Ó ní òun ń gbààwẹ̀. Kí n tó dé títì, mo bojú wẹ̀yìn, ó ti ń mu ọsàn.

Àmọ́ ilé tí kò kúrò lọ́kàn mi wà ní Múṣin, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fẹ́ rà á. Aṣọ ló ń tà ní Sábó, yàrá méjì lòun àtàwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin ń gbé ní Èbúté Mẹ́ta láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ìyàwó onílé kò sì jẹ́ kí wọ́n fa omi láìjẹ́ pé ó kùn. Ó ti sú u. Ọmọ ìlú wa ló ń ta ilé náà, ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀ọ̀dá.

"A jọ ń ṣe ìpàdé ìlú ni," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ta ló máa dójú ti ara rẹ̀ níwájú ìpàdé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìpàdé ló máa gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dúró?"

"Ìwọ ṣáà wá wò ó. Kó o sì fi ẹnu ẹ sílé."

A débẹ̀, pálọ̀ ìsàlẹ̀ fẹ̀ bíi gbọ̀ngàn. Mo mọ irú ilé àtijọ́ bẹ́ẹ̀, yàrá kéékèèké ló máa ń wà níbẹ̀. Yàrá méjì ni wọ́n sọ di ọ̀kan, wọ́n ti wó ògiri tó wà láàárín. Ògiri yẹn ló gbé òkè dúró tẹ́lẹ̀. Ohun tó wà nípò rẹ̀ ni bíìmù gbọọrọ kan tí wọ́n kùn ní funfun, tó na láti ògiri kan dé èkejì lábẹ́ àjà.

"Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ fi ṣe bíìmù yìí?"

"Kọnkéré ni. Irin mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀."

Mo gun àga, mo fi ìka kàn án. Kọnkéré kì í dáhùn báyẹn. Ó dún bí àpótí.

"Igi ni," mo wí.

Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá bíríkìlà, ìwé mélòó lẹ kà?"

"Méjì."

"Ẹ̀njíníà tó kàwé dé òkè òkun ló fọwọ́ sí èyí." Ó yọ ìwé kan jáde. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á, ó wò ó, ó wá wò mí. Ojú tó fi wò mí yẹn, màá rántí ẹ̀ dọ́jọ́ ikú.

Ẹni tí kò tíì ra ilé kì í fọ́ ògiri rẹ̀ wò, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá náà mọ̀ ọ́n, ló bá ní: "Tó bá dá ẹ lójú, fọ́ ọ. Tó bá jẹ́ kọnkéré, ẹ̀gbọ́n ẹ ti rà á nìyẹn. Tó bá sì jẹ́ igi, wàá tún un rẹ́ bó o ṣe bá a, torí èmi kọ́ ni mo pè ẹ́ wá."

Mo ní mo gbà. Mo gbé òòlù, mo lù ú lẹ́ẹ̀kan. Símẹ́ǹtì ya lulẹ̀, wáyà tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìẹ yọ jáde, igi ọ̀pẹ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ikán ti jẹ ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó dá ìwé padà, ó gbé báàgì rẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kúulé o," ó sì jáde. Ó gba ara rẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀ là. Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí.

Bọ̀ọ̀dá gbé mi dé ìpàdé ìlú pé mi ò tíì tún bíìmù òun rẹ́. Àwọn àgbà bi mí bóyá mo gbà pé màá tún un rẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ilé náà máa pààyàn. Wọ́n ní ìyẹn kọ́ làwọn bi mí. Wọ́n ní ọmọ ìlú kì í yẹ àdéhùn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rẹ́ bíìmù irọ́ yẹn. Ọwọ́ mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ tí kò dáa. Mo sẹ́ iyanrìn lẹ́ẹ̀mejì, mo tẹ́ ojú rẹ̀ títí ó fi ń dán, mo gé etí rẹ̀ gún régé. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá wọlé wò ó, ó ní iṣẹ́ yìí dáa ju tàkọ́kọ́ lọ. Inú mi sì dùn. Ohun tí mi ò lè dárí ji ara mi nìyẹn, pé inú mi dùn.

Kò tíì pé oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo kọjá níbẹ̀, mo rí tìmùtìmù àti ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà. Olùkọ́ kan àti ìyàwó rẹ̀ ti rà á. Mo wọlé, mo kí wọn, mo sọ ohun tó gbé mi wá.

"Àwọn tó ta ilé fún wa ti sọ pé ẹ máa wá," ọkọ wí. "Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n yín ló pàdánù ilé yìí."

"Tíṣà, igi ló wà nínú bíìmù tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn."

"Ta ló rẹ́ ẹ?"

"Èmi ni."

"Ẹ mọ̀ pé igi ni, ẹ wá rẹ́ ẹ?"

Mo na ọwọ́ sí òòlù inú àpò mi. Tíṣà di ọwọ́ mi mú. "Ẹ má fọ́lé mi."

Ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fọ́tò ìgbéyàwó wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wá ibi tó máa gbé e kọ́. Ó na ìṣó kan sí mi.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi kan èyí mọ́ bíìmù yẹn. Tó bá jẹ́ kọnkéré, ṣebí á tẹ̀."

Mo lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìṣó wọlé títí dé orí, kò tẹ̀. Ìgbà yẹn la gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wọn tó ń sáré lókè.

"Sọ fún wọn kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀," obìnrin náà wí fún ọkọ rẹ̀. "Sọ fún wọn kí wọ́n rọra rìn."

Ìṣó kan ṣoṣo. Ká ní mo kan ìṣó kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi ì bá rí i, mi ì bá sì má fọ́ nǹkan kan tí wọ́n máa ní kí n tún rẹ́. Ṣùgbọ́n èmi fẹ́ kí símẹ́ǹtì ya lulẹ̀ lójú Bọ̀ọ̀dá.

Lọ́jọ́ yẹn náà ni mo fi pákó ti òkè. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo mọ ògiri tí wọ́n wó padà, búlọ́ọ̀kù lórí búlọ́ọ̀kù, láti ìpìlẹ̀. Tíṣà ń kùn títí mo fi parí, ó ní pálọ̀ òun ti di yàrá méjì. Kò dúpẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló bi mí ìgbà tí màá wá rẹ́ ẹ.

"Mi ò ní rẹ́ ẹ," mo wí. "Ẹ fi búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ báyẹn. Ẹni tó bá wọlé, kó fojú ara ẹ̀ rí ohun tó gbé òkè dúró."

"Ọ̀gá, gbogbo ilé àdúgbò ló ń dán, tèmi nìkan ló máa wà níhòòhò," ọkọ wí.

Mo ní kó pe bíríkìlà mìíràn.