Ẹni Tó Kẹ́yìn

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ni Verna Kubicek, ní Iowa. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan á kọ èrò rẹ̀, á sì fèsì fún ẹni méjì. Ẹnì kan ò fèsì fún Verna rí.

Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, “Tess, mo fẹ́ fi ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀. Òpè ni mí.”

Tess rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í dúró de ọmọ tó bá pẹ́! Ọjọ́ Àìkú lẹ ń kọ tiyín, àwọn yòókù á ti fèsì tán nígbà yẹn.”

Lọ́sẹ̀ kejì, ọjọ́ Ajé ló kọ tirẹ̀. Èsì mẹ́fà wọlé. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ó wá ẹni tó kẹ́yìn lọ, ó sì fèsì fún un.