Lẹ́tà Tó Tẹ̀lé B

Ọdún tí dísìkì inú kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin, ọyẹ́ mú ní Ṣakí débi pé a kì í rí àpáta òdìkejì ọ̀nà títí oòrùn á fi ga. Èmi ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú ẹ̀rọ náà, nítorí pé ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Kò sí ẹlòmíràn tó gbà á.

Ìyá Tóyìn, olùkọ́ Yorùbá, ló ń lò ó jù. Bàbá rẹ̀, ọdẹ àgbà láti Àgọ́ Àmọ̀dù, a máa wá jókòó tì í nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé. Bàbá á máa sọ bí ọ̀dàn ṣe rí nígbà èwe rẹ̀, ọmọ á sì máa tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ.

"Kí ni àpótí yìí ń jẹ?" ni bàbá bi mí lọ́jọ́ kan.

"Iná mànàmáná ni, Bàbá."

"Á jẹ́ pé ebi ń pa á gan-an nìyẹn."

Bàbá papòdà kí ọyẹ́ ọdún náà tó dé. Rìbọ́ǹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti gbẹ, a ò tíì rí òmíràn, nítorí náà inú dísìkì tó ń kùn yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà.

Nígbà tí dísìkì tuntun dé, mo pinnu láti ṣe ẹ̀dà ti àtijọ́ sínú rẹ̀. Lẹ́tà ni kọ̀ǹpútà fi ń pe àwọn dísìkì rẹ̀. A àti B ni ti ojúhò méjì tí à ń ki dísìkì pẹlẹbẹ bọ̀. C ni ti dísìkì ńlá tó ń gbé inú ẹ̀rọ. Bí a bá fi ìkejì kún un, ìyẹn á máa jẹ́ D. Ẹ má ṣe rò pé orúkọ àbísọ ni o. Àyè tí dísìkì jókòó sí ló ń fún un lórúkọ.

Mo so tuntun mọ́ ti àtijọ́, mo ṣe ẹ̀dà náà tán. Ó ku kí a sọ ibi tí ètò ìkọ̀wé yóò ti máa wá iṣẹ́ Ìyá Tóyìn. Mo di wáyà mú, mo ní kó bá mi tẹ̀ ẹ́.

"Lẹ́tà wo ni kí n kọ, Bàbá Délé?"

"Lẹ́tà kẹta."

Ó tẹ̀ ẹ́. A dán an wò, iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Mo wá yọ dísìkì àtijọ́, mo fi tuntun sí àyè rẹ̀. Ẹ̀rọ jí dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní òun ò rí iṣẹ́ kankan. Mo dá ti àtijọ́ padà. Ó kùn lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, kò sì yí mọ́. Mo tún fi tuntun sí i.

Ìyá Tóyìn ò sunkún. "Mi ò lè tún bi wọ́n léèrè mọ́," ló sọ jẹ́ẹ́.

A jókòó síbẹ̀. Kùrukùru ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń bo àwọn àga lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi bí ẹni pé àlá kan náà ni àwa méjèèjì ń lá.

"Lẹ́tà wo lẹ kọ lẹ́ẹ̀kan?" ni mo bi í.

"Ìkẹta tí ẹ ní kí n kọ. A, B, D."

"Ìyá Tóyìn, C dà?"

"C wo? Ṣé C wà nínú ábídí ni?"

Kò sí i lóòótọ́. Nígbà tí dísìkì méjèèjì wà níbẹ̀, tuntun ń jẹ́ D, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe náà ò fi hàn. Nígbà tí ti àtijọ́ kúrò, tuntun di C, ètò ìkọ̀wé sì wà lẹ́nu ọ̀nà D tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀.

"Ẹ̀yin oníṣirò," ló wí, "ẹ ò lè pe nǹkan lórúkọ rẹ̀. Ìkẹta, ìkẹrin ṣáá."

Mo pa D rẹ́, mo fi C rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aláwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú ẹ̀rọ, díẹ̀díẹ̀, bí koríko lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀.

Ẹ̀rọ ìgbà náà kò mọ àmì ohùn kọ. "Ni igba ti mo wa ni omode" ló wà níbẹ̀. Igba yẹn lè jẹ́ igbá, ó lè jẹ́ igba. Ìyá Tóyìn ń kà á sókè, ó ń fi ohùn bàbá rẹ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Àgọ́ Àmọ̀dù. Mo fa àga kan súnmọ́ ọn, mo ń gbọ́.